Àga Àlhájà Àsíátù Lójú Agbami

Bí ẹ bá dé Adígbé, tó jẹ́ pé ilé Àlhájà Aláàga lẹ ń wá, ọmọdé ni kí ẹ bi. Àgbà lè má dá yín lóhùn, torí ó ṣeé ṣe kí àga Àlhájà méjì ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láti ìgbà ìsọmọlórúkọ ọmọ kan tó ti wọ sẹ́kọ́ńdírì báyìí.

Àsíátù lorúkọ rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ará Wásinmi ni. Ọkọ ló gbé e wọ agboolé àwọn oníṣòwò lẹ́yìn àdúgbò Kóbìtì l'Abẹ́òkúta. Ọkọ náà papò dà, Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ, ó sì fi igba àga oníke sílẹ̀ fún un. Àlhájà sọ igba di ẹgbẹ̀rún. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fi àga háyà fún Abẹ́òkúta: òkú, ọmọ, wàásù, ìpàdé onílé, ìpolongo ìbò. Kò sí ìdí ẹni ńlá kan nílùú tí àga rẹ̀ kò mọ̀.

Ó ní kí ènìyàn ṣáà ti jókòó, òun ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹni tó bá fi ẹ̀bá ìdí kan lé e, oúnjẹ ló ń wò. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì í pátápátá tó sì na ẹsẹ̀ méjèèjì, kò ní dìde títí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká àga. Ẹni tó bá wá ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga méjì jó síwá sẹ́yìn, ọ̀tá Ọlọ́run ni, ọ̀tá Àlhájà náà sì ni. Lẹ́yìn àga rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó fi ọ̀dà búlúù sàmì, torí ó gbà pé àga tí kò bá ní àmì, àga gbogbo ayé ni.

Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu: orúnkún ọ̀tún. Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú tó ń ro ti orúnkún. Òkè lẹ máa gùn kẹ́ ẹ tó ra iyọ̀. Bí Àlhájà bá dúró ju rákà mẹ́rin lọ báyìí, orúnkún náà á wú bí búrẹ́dì, torí náà ìjókòó ló fi ń kírun. Obìnrin tó ń fún gbogbo ìlú ní àga, òun gan-an ni kò lè ṣe kó má rí àga jókòó.

Ọmọ kan ló bí, Tawheed, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún tó kọjá, Tawheed àti Haleemah ìyàwó rẹ̀ ní kí Màmi wá bá àwọn wọ ọkọ̀ òkun. Kì í ṣe èyí tó ń kó símẹ́ǹtì o, ọkọ̀ ìgbádùn ni, ilé alájà mẹ́rìndínlógún tó léfòó sójú omi! Lífíìtì mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn eré wà níbẹ̀, púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́ta sì wà lókè téńté. Ẹ rò ó wò ná: ọkọ̀ wà lórí omi, omi tún wà lórí ọkọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èrò ló ń gbé, ó ń kó wọn lọ wo Spéènì àti Pọtogí, ó sì ń bọ́ wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, bíi pé gbogbo wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Kì í ṣe ọkọ̀ ló wu Àlhájà. Omi tí kò ní ìsàlẹ̀, kí ló fẹ́ fi í ṣe? Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló fà á lọ, Ummulkulthum, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ùmù ni gbogbo ilé ń pè é, Àlhájà nìkan ló ń pe oríkì tó fún un, Àsàbí. Láti ìgbà jòjòló ni ó ti jẹ́ pé inú fóònù ni àwọn méjèèjì ti ń ríra. Ùmù ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó mọ̀ ọ́n, kò sírọ́ níbẹ̀, àmọ́ tó bá ti dé àárín omi, níbi tí ẹsẹ̀ kò ti kan ilẹ̀ mọ́, àyà rẹ̀ á já, á ṣẹ́rí padà. Nínú ọkọ̀ yìí, lọ́jọ́ tí wọn kò bá yà ní èbúté, wọ́n máa ń ní kí àwọn ọmọdé lúwẹ̀ẹ́ láti ìkángun kan dé ìkejì, kí ẹni tó bá débẹ̀ gba ẹ̀bùn mẹ́dàlì. Ùmù wá sọ lórí fóònù pé bí Màmá bá lè jókòó sí ìkángun kejì, níbi tí òun á ti máa rí ojú wọn, òun ò ní ṣẹ́rí padà. Àlhájà ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìjókòó ni? Iṣẹ́ òun kúkú ni.

Kó tó kúrò ní Adígbé ni Tawheed ti ka òfin fún un lórí Wásáàpù, ohùn oníṣẹ́jú mọ́kànlá. Màmi ò gbọdọ̀ di oúnjẹ sí náílọ́ọ̀nù kúrò nílé oúnjẹ. Màmi ò gbọdọ̀ mú áyọọ̀nù wá. Wọn ò gbọdọ̀ máa kan ilẹ̀kùn yàrá ẹlòmíràn láti kí i pé ṣé ó jí ire. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tó wà nínú lífíìtì jáde kí àwọn tó wọlé. Àlhájà gbọ́ ọ tán, ó ní ṣé ọkọ̀ ni Tawheed ń mú òun lọ ni àbí ilé ẹ̀wọ̀n tó ní kẹ̀kẹ́ lábẹ́. Ó di áyọọ̀nù náà sínú àpótí. Ní èbúté, àwọn ọlọ́kọ̀ yọ ọ́ jáde, wọ́n fún un ní rìsíìtì.

Òfin lífíìtì ni kò kọ́kọ́ yé e. Ó wọlé bá ènìyàn mẹ́fà, ó kí wọn ní gúdú mọ́níìn, gbogbo wọn tẹjú mọ́ ògiri. Ó tún kí wọn. Bàbá kan wúkọ́. Nígbà tí wọ́n dé òkè, ó bi Haleemah bóyá òkú wà nílé wọn. Ti ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ, tó ń fi orin sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n fọ ọwọ́, ìyẹn dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo tó ní ẹ̀kọ́ ilé nínú ọkọ̀ nìyẹn, ó sì ń fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀.

Ọjọ́ méjì péré ni ọkọ̀ náà kò ní yà síbì kankan: ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹfà. Lọ́jọ́ kejì, ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, Àlhájà gòkè lọ sídìí púùlù. Àga gbọọrọ tí wọ́n ń nà sí pọ̀ lọ jàra níbẹ̀. Àmọ́ lórí gbogbo wọn, láti orí dé ìdí, táwẹ́ẹ̀lì ló tẹ́ síbẹ̀, bàtà kan tàbí ìwé kan sì wà lórí táwẹ́ẹ̀lì. Ènìyàn kò sí. Táwẹ́ẹ̀lì jókòó, ènìyàn dúró.

Haleemah ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀kan kúrò nígbà tí Àlhájà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọkàn rẹ̀ ti lọ sí Wásinmi. Nígbà èwe rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ bá ṣẹ́gi jọ sẹ́bàá ọ̀nà oko tí kò lè rù ú tán, á gbé bàtà àlòkù kan kọ́ ọ lórí, á bá tirẹ̀ lọ. Igi náà lè wà níbẹ̀ fún oṣù kan. Ẹni tó bá rí i kò ní béèrè ẹni tó ni ín, á kàn fi í sílẹ̀ ni, torí ààlè ti wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í fọwọ́ kan ohun tí wọ́n bá pààlè sí. Àlhájà wá wo bàtà lórí táwẹ́ẹ̀lì, ó wo ìlà kejì, ó wo ìlà kẹta. Orí rẹ̀ wú. Ó ní àṣé àwọn òyìnbó wọ̀nyí mọ ààlè, òun ti ń bú wọn nínú lífíìtì láìnídìí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró. Aago mẹ́wàá lù, àwọn ọmọdé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, orúnkún ti wú, òógùn ti bo ojú rẹ̀, Haleemah gbé e lápá wọlé lọ fìdí lé ibìkan. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n pe Ùmù sómi. Ọmọ náà wẹ̀ dé àárín, ó gbójú sókè, kò rí Màmá, ó ṣẹ́rí padà.

Kò pariwo, kò bínú. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀ nígbà tó wá bá Àlhájà nínú ilé. "Màmá, ṣé ẹ lọ sùn ni?" ló wí.

Lálẹ́, Tawheed là á yé e. Kì í ṣe ààlè rárá. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí àwọn ènìyàn fi ń wá tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sórí àga, tí wọ́n á lọ jẹun, tí wọ́n á tún lọ sùn, tí wọ́n á wá yọjú lọ́sàn-án. Òfin ọkọ̀ sọ pé bí ìdajì wákàtí bá kọjá tí ẹnikẹ́ni ò sí lórí àga, kí òṣìṣẹ́ kó ẹrù rẹ̀ kúrò, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ń sá fún ẹjọ́ èrò, wọn kì í kó o.

Àlhájà ní, "Tawheed, o jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún ojúkòkòrò látàárọ̀."

Haleemah ní kí àwọn náà tètè jí lọ́jọ́ kẹfà lọ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì tiwọn. Àlhájà mi orí. Ẹgbẹ̀rún táwẹ́ẹ̀lì, àwọ̀ kan náà, ta ló máa mọ tirẹ̀? Nǹkan tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ, ṣé ìyẹn náà ni ènìyàn ń pè ní àmì? Ó ní bí wọn kò bá mọ ààlè, òun á fi ojúlówó hàn wọ́n.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kó ohun èlò jọ. Nílé oúnjẹ, ó jẹ àgbàdo sísè, ó sì fi bébà inùwọ́ wé ṣùkù rẹ̀. Lálẹ́ tí gbogbo ọkọ̀ wọ aṣọ ńlá, wọ́n gbé ìgbín wá pẹ̀lú ìkarahun rẹ̀, ìgbín kéékèèké bí ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ. Àlhájà wò wọ́n tìyanu-tìyanu, ó jẹ wọ́n, ó sì mú ìkarahun kan. Tawheed rí i, ó wojú òrùlé. Òòyà Haleemah kán fúnra rẹ̀, ó kéré tán ohun tí Àlhájà wí nìyẹn. Aṣọ pupa tí wọ́n so mọ́ àpótí rẹ̀ kí ó má bàa sọnù ní pápákọ̀ òfuurufú, ó tú u. Ó fi aṣọ náà so gbogbo wọn pọ̀.

Láyé àtijọ́, ohun kọ̀ọ̀kan nínú ààlè ní epè tirẹ̀: bí hóró ṣe bọ́ lára ṣùkù, bẹ́ẹ̀ ni ire á bọ́ lára ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Àlhájà ti lọ sí Mẹ́kà. Ó ṣe bísímílà lé e lórí, ó ní òun ti yọ eyín ẹnu rẹ̀ kúrò, ìrísí rẹ̀ nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ kẹfà, bó ṣe kírun sùbúù tán, ó gòkè. Ó bá ìyá òyìnbó kan níbẹ̀ tó gbá táwẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ mọ́yà, tó ń tẹ́ wọn sórí àga lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tẹ́ ẹní mọ́ṣáláṣí. Àga kan ló kù ní ìkángun tó dojú kọ ibi tí àwọn ọmọdé á ti bọ́ sómi. Àlhájà so ààlè rẹ̀ mọ́ ọn lápá, ó kí ìyá náà, kò gba ìdáhùn, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun nítorí oògùn orúnkún rẹ̀ tí kì í ṣeé lò láìjẹun.

Nídìí tíì ni Haleemah ti bi í tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ bóyá kì í ṣe ohun kan náà tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe ni Màmá náà lọ ṣe.

"Táwẹ́ẹ̀lì ń purọ́ pé mò ń bọ̀ báyìí," ni Àlhájà wí. "Ààlè kì í purọ́. Ó ní mi ò sí níbẹ̀, má fọwọ́ kàn án."

Kò pẹ́ sígbà náà ni gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ lókè orí wọn. Wọ́n ní kí èrò má ṣe wá sídìí púùlù ńlá mọ́ títí di ìgbà mìíràn, ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn ọmọdé kò ní wáyé. Tawheed sáré wọlé, ojú rẹ̀ ti funfun. Ó ti dé òkè. Ìyá alátáwẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ ló padà wá, tó rí ohun tó wà lára àga ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, tó figbe ta. Àwọn sìkíọ́rítì ti fi okùn yí ibẹ̀ ká, ènìyàn mẹ́rin tó wọ ìbọ̀wọ́ dúró yí ṣùkù àgbàdo po, ẹnì kan ń yà á ní fọ́tò.

Tawheed bẹ ìyá rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Kí Màmi dákẹ́, kí wọ́n mu tíì wọn. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n lè sọ gbogbo àwọn kalẹ̀ ní èbúté tó kàn, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi iṣẹ́ òun.

Àlhájà ń wo Ùmù. Ọmọ náà ti wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ láti àárọ̀, awò ìlúwẹ̀ẹ́ ti wà lójú rẹ̀ bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, ó jókòó síbẹ̀ kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọ̀la ni ọkọ̀ yóò yà ní èbúté, ọ̀túnla ni wọ́n máa délé. Kò sí ọjọ́ mìíràn.

"Gbé mi dìde," ó wí fún Tawheed. "Wá máa bá mi túmọ̀, kó o sì túmọ̀ ọ́ pé pérépéré."

Ọ̀gá sìkíọ́rítì tí wọ́n bá lókè kì í ṣe òyìnbó. Ọkùnrin kúkúrú kan ni láti erékùṣù kan ní Indonéṣíà, ojú rẹ̀ le, kò rẹ́rìn-ín. Àlhájà yọ́ kọjá lábẹ́ okùn wọn, ó ní òun lòun ni ín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti Wásinmi: igi bàbá rẹ̀, bàtà àlòkù, epè àti bí òun ṣe yọ ọ́ kúrò, táwẹ́ẹ̀lì ọjọ́ kejì, orúnkún, Àsàbí tó ṣẹ́rí padà láàárín omi. Nígbà tó dákẹ́, Tawheed ní kí ọ̀gá máà bínú, nǹkan àṣà ni.

Àlhájà yíjú sí i. "Mo sọ ogún gbólóhùn, o sọ méjì. Àwọn yòókù ń kọ́?"

Tawheed gbé ìtìjú mì, ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀, títí kan ìgbín. Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ṣùkù, ó wo òòyà, ó fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ sọ ìkarahun náà sókè díẹ̀. Ló bá rọra sọ pé ní abúlé àwọn, bí àgbọn kò bá tíì gbó, àgbààgbà á so màrìwò àgbọn mọ́ ara igi náà, kò sì sí ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí dáadáa tó máa gùn ún. Ó ní bàbá òun àgbà lu òun nítorí rẹ̀ rí. Ó wá ranjú, ó rántí iṣẹ́ rẹ̀, ó ní nínú ọkọ̀ yìí ṣá, Màmá ò gbọdọ̀ dán an wò mọ́ láéláé. Àlhájà ní òun gbọ́, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á mú yín délé. Tawheed tún túmọ̀ ìyẹn náà.

Àmọ́ òfin sìkíọ́rítì ni òfin sìkíọ́rítì. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti rí ẹrù kan tí kò lólúwa lórí àga, wọ́n gbọ́dọ̀ kó gbogbo ẹrù tí kò lólúwa kúrò lórí gbogbo àga kí wọ́n tó ṣí ibẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe gbé kẹ̀kẹ́ akẹ́rù mẹ́ta wá nìyẹn. Táwẹ́ẹ̀lì wọlé, bàtà wọlé, ìwé wọlé, fìlà wọlé. Inú àwọn òṣìṣẹ́ náà ń dùn débi pé ọ̀kan nínú wọn ń kọ orin ìfọwọ́ ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ. Nígbà tí aago mẹ́wàá máa fi lù, gbogbo àga ìdí púùlù ti wà níhòòhò, wọ́n tú okùn, wọ́n ní kí àwọn ọmọdé máa bọ̀.

Àlhájà jókòó sórí àga rẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì í pátápátá, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Láàárín àkókò yẹn ni àwọn alátáwẹ́ẹ̀lì ń dé ní méjì méjì láti ibi oúnjẹ àárọ̀, tí wọ́n ń yí po láàárín àga bí ẹni tó gbàgbé ilé ara rẹ̀.

Ọmọ mẹ́ta kọ́kọ́ wẹ̀ kọjá. Ùmù bọ́ sómi. Ó wá dáadáa, ó wá dé àárín, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, ó gbórí sókè, ó ń wá ojú. Òòrùn ti ràn lé omi náà, ó ń kọ mànà, Àlhájà rí i pé ọmọ náà ń wo ibi tí òun wà, kò sì rí òun. Kò rántí orúnkún. Ó dìde, ó ti dé etí omi kí Haleemah tó dì í mú, ó tẹ̀ síwájú débi tí etí ìró rẹ̀ fi wọ inú púùlù.

"Àsàbí, ojú mi rèé. Máa bọ̀."

Ó ń pè é bẹ́ẹ̀ léraléra, kò pariwo, bí ẹni ń pe ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ùmù mi orí bí ajá, ó kọjá àárín, ó fi ẹsẹ̀ lu omi lu ojú gbogbo ènìyàn, ó wá fi ọwọ́ kan ògiri lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Ó gbẹ́nu lé etí púùlù, ó ń mí gùlegùle. Ó ní òun ò ṣẹ́rí padà. Àlhájà ní òun rí i, gbogbo ẹ̀ lòun rí.

Nígbà tó wá rántí pé òun ní orúnkún, ó yíjú padà wá sídìí àga rẹ̀. Ìyá alátáwẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ ti nà gbalaja sórí rẹ̀, ó di ojú, ó fi ìwé bo ikùn. Haleemah ti ká apá aṣọ, ó ti fẹ́ lọ bá a. Àlhájà ní kó fi í sílẹ̀. Ó gbára lé èjìká Ùmù tó tutù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro lọ. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ìyá náà, ó tẹrí ba díẹ̀, bí ó ti yẹ kí ènìyàn kí àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o."

Ìyá náà la ojú kan. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́fà, ó ní gúdú mọ́níìn.